Lẹ́yìn Ṣódíyà, Títí dé Ìlárá

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Ìtòkò
Ṣódíyà ti ń fi àkísà nu iná iwájú Susuki
bí ẹni ń nu imú ọmọ.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń gbé èèyàn kiri:
olókùnrùn, ìyàwó tó ń kọ ọkọ,
ọ̀dọ́ tó bọ́ sílẹ̀ tó wọ kọ̀rọ̀ láìsanwó.
Lónìí, kò sówó ọkọ̀.
"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gùn ún. Ìbàdí mi ni kẹ́ ẹ dì mú,
ẹ má fún mi lọ́rùn."

Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ààlà sójú pátákó fún ọgbọ̀n ọdún,
ilẹ̀ wa níhìn-ín, ilẹ̀ Faransé lọ́hùn-ún,
n kò fojú kàn án rí.

A sọ̀ kalẹ̀ láàrin àpáta.
Béèyàn bá ń fẹsẹ̀ rìn, ìjókòó ni wọ́n máa ń wà;
lẹ́yìn alùpùpù, wọ́n dìde.
Ọ̀kan na èjìká láti ẹ̀yìn ilé alágbàfọ̀,
òmíràn ru òrùlé páànù mẹ́rin tó ti dípẹtà
bí ẹni ń kiri ọjà.
Ìyá wa máa ń sọ pé lọ́jọ́ tóun wọ̀lú yìí
ẹ̀rù àwọn òkúta náà ba òun,
pé wọ́n jọ agbo erin tó ń ronú.
A máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

Láfẹ́nwá. Odò Ògùn da kùrukùru bo afárá,
irin rélùwéè gbọ̀n wá lẹ́ẹ̀mejì,
eyín mi lu ara wọn.
Lẹ́yìn náà ọ̀nà Ayétòrò gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìlú:
ó gòkè, ó sọ̀, ó gòkè,
bí àyà ẹni tó sùn fọnfọn.
Igi tíìkì tò bí ọmọ iléèwé,
òórùn kajú pípọ́n gbá mi lẹ́nu
mo sì gbàgbé orúnkún mi.

Táyà jò kí a tó wọ Ayétòrò.
Fọkanáísà, ọmọdé kan tó ń jẹ́ Gbàdéró,
ri tíúbù bọ omi, ó ń wo ìhó.
"Ìlárá? Kí lẹ gbàgbé síbẹ̀?"
Ṣódíyà wò mí.
Mo wo ìhó.

Lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ, aṣọ́bodè, okùn tí wọ́n ta dí ọ̀nà.
"Kí lo gbé?"
"Ẹ̀gbọ́n mi."
"Kí ló tún kù?"
"Búrẹ́dì."
Wọ́n tú búrẹ́dì wò.

Ààlà tí mo ń wá, n kò rí i.
Bàbá Fágbohùn gbé àga sábẹ́ igi ọsàn;
ó ní ẹsẹ̀ méjì àga náà wà lọ́dọ̀ wa, méjì lọ́dọ̀ wọn.
Adìẹ kan ń kó ọmọ lọ, ó ń kó ọmọ bọ̀.
Ọmọbìnrin kékeré kan kí wa ní "bọ́ńjúù",
ó kúnlẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.
Bàbá nàka. "Ibẹ̀ yẹn ni ìyá yín ń sùn.
Kànga tó ń pọn, òun ló wà lọ́hùn-ún yẹn.
Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ń rìnrìn àjò."

N kò bi í léèrè ìdí tó fi lọ.
Òun ló bi wá. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ó ránṣẹ́ sí wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
pé òun ń gbé láàrin erin.
Ṣé wọ́n ṣì ń ronú?"

Bí a ti ń padà, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn wa,
òjìji wa gùn, ó fẹ́ délé ṣáájú.
Alẹ́ ti lẹ́ ká tó rí iná Abẹ́òkúta.
Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́
Ṣódíyà pa ẹ́ńjìnnì,
a ń yí bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láàrin wọn nínú òkùnkùn
kí a má baà da ìrònú wọn rú.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọrùn mi."