Páálí Karùn-ún

Alẹ́ Sátidé. Sílífátù ti nu orí tábìlì,
mo fa páálí púlọ́ọ̀gì márùn-ún jáde lábẹ́ ibùsùn,
òfìfo páálí tí mo ṣà jọ ní ṣọ́ọ̀bù etí ọ̀sà,
níbi tí mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ẹ̀pẹ́.
Òórùn bẹntiróòlù kò tíì kúrò lára wọn.
Kò tíì kúrò lára èmi náà.

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni Ọ̀gá Ọnàfúwà kà lé mi lọ́wọ́.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì,
bí ẹni tí ń sin ọmọ dé ibùdókọ̀.

Tẹ́lẹ̀ ńkọ́?
Tẹ́lẹ̀, bí owó bá wọlé lálẹ́ Sátidé,
tó bá fi di ọjọ́ Ajé, ajé ti lọ.
Màá wá máa tú àpò ṣòkòtò wò, màá máa pariwo olè.
Èmi ni olè náà.
Igba náírà síbí, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta sọ́hùn-ún,
“gbé tútù kan wá”, “kí la wá fẹ́ gbé lọ sọ́run?”
Iyọ̀ tó ń yọ́ nínú òjò kì í pariwo.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ fún oúnjẹ,
ikùn kì í gbọ́ àwáwí.
Méjì ààbọ̀ fún baba onílé wa l'Ókè-Balógun,
tí kì í rẹ́rìn-ín bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé.
Méjì ààbọ̀ fún ilé-ìwé Ráfíù.
Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ní Mojódà;
ó máa ń ní ara òun ti yá, kí n má fi ránṣẹ́ mọ́,
mo sì máa ń fi ránṣẹ́.
Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta wọ àpò mi, kí n má baà di aṣínwín.

Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó ku páálí karùn-ún.
Kò sí ohun tí mo kọ sára rẹ̀.
Ojú ń tì mí láti kọ ọ́:
ẹ̀rọ tèmi, ṣọ́ọ̀bù tèmi, kọ́kọ́rọ́ tèmi lọ́wọ́.
Sílífátù ló gba bírò, kò wo ojú mi,
ó kọ ọ́ gàdàgbà: Ọ̀GÁ ṢÀKÍRÙ.

Lọ́sẹ̀ tí ìjì da ọ̀sà rú, ọkọ̀ kankan ò jáde,
ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án péré ni mo mú wálé.
Mo ní kí a fi páálí karùn-ún sílẹ̀ ná.
Ó ní, “Dín oúnjẹ kù. Dín tèmi kù.
Ìyẹn ò gbọdọ̀ sùn lébi, ìbáà ṣe igba náírà.”
Bẹ́ẹ̀ la ṣe jẹ ẹ̀bà ọjọ́ mẹ́ta láìfojú kan ẹja,
ní Ẹ̀pẹ́! Ní Ẹ̀pẹ́ tí ológbò ń ṣa ẹja jẹ!
A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ sínú ọbẹ̀.
Mo fi igba náírà síbẹ̀.

Lánàá, Ráfíù gbé owó lọ síléèwé.
Akọ̀wé gbé e símú, ó yí ojú padà:
“Ṣé inú ẹ́ńjìnnì ni bàbá rẹ ti yọ ọ́ ni?”
Ọmọ mi ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.
Ó kù síbẹ̀.”