Ìlà Omi

Wọ́n tẹ́ ìwé àwòrán ilé sórí tábìlì ìgbẹ̀bí,
wọ́n fi ìgò oògùn mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin
kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.
Ẹnjiníà Adégòróyè ń fi bírò tọ́ka:
"Yàrá ìrọbí nìyí. Ibi oògùn nìyí.
Jẹnẹrétọ̀ á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́yìnkùlé,
níbi tí ariwo rẹ̀ kò ní dààmú ẹnikẹ́ni."

Èmi ń nu ilẹ̀.
Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń nu ilẹ̀ yìí.
Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ló mọ ibi tí omi ń sá sí.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan."
Mo sún kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì kúrò lára ògiri.
Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀,
bí ìgbà tí tíì gbẹ sára ife.
Ó ga dé àyà mi.

Òru ọjọ́ Ẹtì ni. Odò Àlà kò kan ilẹ̀kùn.
Ó wọlé bí onílé tó ti àjò dé.
Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára léfòó.
Nọ́ọ̀sì Mojírayọ̀ gbẹ̀bí lórí tábìlì yìí gan-an,
ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú,
èmi gbé ẹsẹ̀ aboyún sókè kúrò nínú omi.
Ọmọ náà ké.
Ti yàrá kejì,
n ò ní sọ ọ́ níbí.

Ẹnjiníà yọ téèpù. Ó wọn ògiri,
ó tún un wọ̀n.
Ó fi bírò pa jẹnẹrétọ̀ rẹ́.

Ṣùgbọ́n owó kì í gbọ́ ìtàn.
Ìwé tó ní kí ìjọba san ìdajì
wọ ọ́fíìsì kan lọ ní Alágbàká,
ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fún lómi.
Àwọn olóko kòkó láti Ìta-Ògbólú yọ kílò kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan.
Àwọn ọlọ́kadà ń dá igba náírà lọ́sẹ̀,
Bàbá Fádáhùnsi ń kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ iléèwé,
tó bá ṣì kọ, á fi itọ́ pa á.
Alága ìgbìmọ̀ ní òun fẹ́ géètì olórí kìnnìún.
Ó ní, "Ilé ìwòsàn lórí òpó? Ṣé àká àgbàdo ni?"
Mojírayọ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tí a ò fẹ́ kó bàjẹ́ la ń kó sí àká."
Owó géètì di òpó mẹ́jọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan ti bárò wá.
Búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀.
Ìyá ọmọ yàrá kejì ni.
Ó ní ká má kọ orúkọ òun.

Òkúta ti Ìdànrè dé, bíríkìlà Olówóòkéré gun àkàbà.
Wọ́n ṣe ọ̀nà dàgẹ̀rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ aláìsàn,
wọ́n to sólà sórí páànù
torí iná ìjọba á lọ, gbogbo wa mọ̀ pé á lọ.
Òrùlé ibùsùn àwọn ọmọdé ò tíì parí.
Ìdajì ìjọba ò tíì dé.

Oṣù Kẹsàn-án ló dé, òjò ọjọ́ mẹ́ta.
Mo dúró lókè pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́,
mo ń gbọ́ Àlà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, tó ń fi ara gbún òpó.
Fíríìjì ń kùn. Aláboyún kan ń sùn.
Wọ́n ní omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀.
Èyí ṣàn kọjá. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó o.

Nígbà tó fà, mo sọ̀ kalẹ̀,
mo fi ìṣó ha ìlà sára òpó níbi tó dé.
Ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin
ga ju ti àtijọ́ lọ.