Òfin Tí Mo Ní Kí Táíbátù Yí Padà

Lọ́dún tí àjà ọ́fíìsì wa jò ní Ìta-Ọ̀pọ̀,
ìwé orúkọ mẹ́rìnlá ló mu omi yó.
Mo sá wọn sórí páànù bí ẹni ń sá ẹja.
Oòrùn Epe gbẹ bébà, kò dá ọ̀rọ̀ padà:
íǹkì ti ṣàn lọ, ó ku ìlà pupa
àti ìtẹ̀ka àwọn tí kò mọ̀wé kọ,
róbótó, dúdú, bí ojú ẹja tútù.

Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ apẹja fi ra kọ̀ǹpútà.
Táíbátù, ọmọ elépo bẹntiróò Ayétòrò,
ló fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọ níṣẹ́.
"Ẹ tẹ orúkọ síbí, Ìyá Akọ̀wé,
ẹ má tún ṣe nǹkan kan mọ́.
Tó bá di aago mọ́kànlá alẹ́, yóò dìde fúnra rẹ̀,
yóò ka gbogbo ohun tó wọlé lónìí,
yóò ṣí fódà kan fún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun,
yóò kó fọ́tò, ìtẹ̀ka àti ìwé ọkọ̀ rẹ̀
lọ sí àwọsánmà."

Mo wo òkè. Òjò ṣú lójú ọ̀sà.
"Àwọsánmà wo? Èyí tó ba ìwé wa jẹ́?"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Ilé ńlá kan ni, mọ́mì, lókè òkun, ó kún fún ẹ̀rọ.
Wọ́n kàn fún un lórúkọ dídùn ni."

N ò sùn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́.
Aago mọ́kànlá lù, iná kékeré kan ṣẹ́jú,
ó tún ṣẹ́jú.
Èpìyà, ọ̀bọ̀kún, àrọ̀, kílò mélòó, ta ló pa á,
gbogbo rẹ̀ gba orí mi kọjá,
n ò gbọ́ ìró ìyẹ́.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Rájí Oníwọ̀ kú.
Kì í ṣe omi ló pa á. Ibà ni, lórí ẹní rẹ̀, ní Òkè-Balógun.
Ẹgbẹ́ wa kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ òkú.
Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, mo yọ orúkọ rẹ̀.
Bọ́tìnnì kan péré ni.
Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Nígbà tí fídáù ogójì ọjọ́ ń sún mọ́lé
ni Ṣùwébátù ọmọ rẹ̀ wọlé tọ̀ mí:
"Wọ́n ní ẹ ní fọ́tò Bàbá.
Tiwa nílé, ikán ti jẹ ojú rẹ̀."
Mo wá a nísàlẹ̀, mo wá a lókè.
Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù lọ láìbéèrè
ti lọ gbé e kúrò láìbéèrè.
Aago mọ́kànlá, ó dìde, ó ka ìwé,
ó rí i pé Rájí kò sí níbẹ̀ mọ́,
ó gòkè lọ gbá fódà rẹ̀ dànù
bí ọmọ tó gbọ́ràn.

Iṣẹ́ tí a rán an ló jẹ́.
Ṣùgbọ́n òjò ọjọ́sí fi ìtẹ̀ka sílẹ̀ fún wa.

Táíbátù gun ọ̀kadà dé, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́,
ó ní ilé ńlá yẹn náà ní ààtàn,
ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó kó o.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n la wà.
Rájí jáde láti inú ààtàn,
fìlà rẹ̀ wọ́ sétí òsì,
ó ń wò wá bí ẹni tí a kò tíì san owó ẹja rẹ̀.

Mo ní, "Jókòó, Táíbátù. Yí òfin yìí padà.
Ẹni tó bá kúrò nínú ìwé, má jẹ̀ẹ́ kó kúrò lókè.
Ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún wọn."
"Kí la máa pè é?"
Níta, ẹnìkan ń so ọkọ̀ mọ́ èèkàn, ó ń súfèé.
Mo ní, "Kọ ọ́: Àwọn Tó Ti Gúnlẹ̀."

Ó kọ ọ́, kò fi àmì kankan sí i.
Mo gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀,
mo fi wọ́n sí i
lọ́kọ̀ọ̀kan.