Omi Kì í Ṣègbè

Igi mẹ́ta, okùn kan, òkúta tí kò ju ẹyin lọ:
gbogbo ẹrù mi nìyẹn lẹ́yìn ilé-ìwé,
ní Òmù-Àrán, lọ́jọ́ kejì òjò àkọ́rọ̀.
"Tíṣà, ibí mà tẹ́ pẹrẹsẹ," ni Ìbídùn wí.
Mo ní ojú a máa purọ́; bi okùn léèrè.

Ráfíù so òkúta rọ̀. Ó ń fì, ó ń fì,
a dákẹ́ bí ẹni ń retí èsì ìdánwò.
Ó dúró. Kò dúró láàárín.
Pápá tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ yìí
fi ìka mẹ́rin rẹlẹ̀ láàárín ìṣísẹ̀ méjì!

A bu omi sínú rọ́bà gbọọrọ, kó wá jẹ́rìí.
Omi kì í ṣègbè.
Ohun tí òkúta wí náà ló wí.

Ìbídùn nìkan ni kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.
Ìsàlẹ̀ ló ń wò, oko iṣu bàbá rẹ̀,
àwọn poro tó dorí kọ odò tààrà,
tí ọ̀gbàrá ń kó lọ́dọọdún,
tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ aráyé.

"Ẹ yá mi nígi yìí di Mọ́ńdè."
Mi ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.
Òkúta náà ń fì lẹ́yìn rẹ̀
bó ti ń sọ̀ kalẹ̀.