Ìṣẹ́tí

Ní Bangor, oṣù Èrèlé, òjò ń lu fèrèsé.
Eluned fi àlùmọ́gàjí gé ojú kékeré sára ẹyin:
ọlẹ̀ adìyẹ ọjọ́ mẹ́ta, kò tó èékánná.

Níbi tí apá yóò ti yọ, awọ ṣẹ́tí bí aṣọ.
Ó ń sọ fún ẹran abẹ́ rẹ̀: *Má tíì dúró.*
Ẹran ń dá a lóhùn: *Ìwọ náà, má sùn.*

Ó fi abẹ́rẹ́ ṣí ìṣẹ́tí náà, ó fi téèpù dí ẹyin.
Lọ́jọ́ kẹwàá, apá dé ìgúnpá, ó dúró
bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Èṣí, ó gbin ẹran itan sábẹ́ awọ apá.
Awọ kò mọ̀; *Má tíì dúró* náà ló ń wí.
Ẹsẹ̀ ló hù.

Apá òsì Ifor, àbúrò bàbá rẹ̀,
ti inú oyún parí sí ìgúnpá.
A ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí;
Ifor ń gbé àgùntàn kọjá odò.

Ta ló kọ́kọ́ dákẹ́,
awọ ni, àbí ẹran?