Ọmọ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Morẹ́nikẹ́ ní kí n de bẹ́líìtì mọ́ àyà.
Mo dè é. Mo ń retí kí ẹ́ńjìnnì bú,
ohunkóhun ò bú. Ilé ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sẹ́yìn,
àṣé àwa la ti ń lọ.

Báyìí la ṣe kúrò ní Kàbà nínú ọkọ̀ oníná
tí kì í mu epo, tí kì í tú èéfín.
Ohùn obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀,
kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀kún.

"Bàbá, ẹ wò ó," ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ kúrò lórí sítíárì.
Ìdí mi gbéra lórí àga.
Sítíárì ń yí fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń ronú.
"Ó lójú níwájú, ó lójú lẹ́yìn, ó lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Bí ọ̀kadà bá yọ níbi tí dígí ò dé, á ké.
Bí ewúrẹ́ bá já lu títì, á tẹ bíréèkì kí n tó rántí ẹsẹ̀ mi.
Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á fi ọgbọ́n mìíràn ránṣẹ́ sí i lóru,
bí ilẹ̀ bá mọ́, á mọ ohun tí kò mọ̀ lánàá."

A ń rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bátìrì ń kún.
Òkè tó máa ń jẹ bíréèkì wa láyé ọjọ́sí,
òun náà ló ń bọ́ eléyìí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, Morẹ́nikẹ́,
mo mọ ẹni tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.
Èmi ni.
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo so rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì Ayédọgbọ́n
tí wọ́n kọ ẸNI RÌN LÓ MỌ̀ sí níwájú,
iṣu kún un dé ọ̀run,
igi ìhátáyà lọ́wọ́ mi, eruku lẹ́nu mi.
Mo gbá pákó lẹ́ẹ̀kan: dúró!
Mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì: máa lọ!
Èmi ni mo ń kígbe pé tírélà ń bọ̀, fún un lọ́nà,
èmi ni mo ń bẹ́ sílẹ̀ lórí òkè láti há igi sí táyà
kí ọkọ̀ má bàa yí padà sí Kàbà.
Owó iṣẹ́ mi: oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì, aṣọ ọdún kan.

Lẹ́yìn Ayétòrò, Morẹ́nikẹ́ yán.
Ohùn náà ní kó wá ibì kan sinmi.
Báwo ló ṣe mọ̀?
"Ojú kan ń wo ojú mi, Bàbá. Ó ń ka bí mo ṣe ń ṣẹ́jú."

Mo dákẹ́ títí a fi rí òrùlé Mọ̀pà.
Torí pé lóru ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́,
ojú mi là kedere lẹ́yìn ọkọ̀,
mo rí ìràwọ̀, mo rí gbogbo ibi tí a ti kọjá,
ṣùgbọ́n pákó wà láàárín èmi àti ojú Ayédọgbọ́n.
Ọkọ̀ ń fì lọ sínú igbó.
Mo gbá pákó lẹ́ẹ̀kan. Kò dúró.
Ìbẹ̀rù mú mi, mo tún gbá a.
Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó di máa lọ.

Igi ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n rí mi nínú koríko.

Ó ku díẹ̀ ká dé Ìsánlú, òjò ti jẹ ọ̀dà tán.
Ohùn obìnrin náà ní òun ò rí ìlà mọ́,
kí awakọ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun.
Ìlà wo? Ta ló ya ìlà fún wa rí?
Mo sọ̀kalẹ̀, t'èmi t'orúnkún tó ń dùn mí.
Yà sọ́tùn-ún díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Kòtò wà lósì.
Máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀.
Gbogbo ojú rẹ̀ kọjú sí mi, ó ń ké pí-pí-pí,
ó rò pé mo fẹ́ dínà.
Mo ní, ọ̀kún o, àbúrò.

Nígbà tó kọjá, mo gbọ́wọ́ sókè láti gbá a nídìí.
Mi ò gbá a.
Mo kàn juwọ́ síwájú bí ẹni da omi nù.