Ihò Mẹ́fà

Ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń lu ìwé kì í ṣe ti gbogbo ọ́fíìsì:
eyín mẹ́fà ló ní, bébà mẹ́ta ló ń jẹ lẹ́ẹ̀kan.
Ki mẹ́rin bọ̀ ọ́ lẹ́nu,
á há, á sì máa wò ẹ́.

Ní Òkèlísà, nílùú Oǹdó, lọ́jọ́ kẹsàn-án tí a sin ín,
mo ṣí ìwé gbèsè rẹ̀, ìwé olóruka irin tí kì í tán:
ewé tó bá kún, a yọ ọ́,
a fi òmíràn sí i.
Òórùn kòkó ṣì wà lára awọ rẹ̀.

Ewé kan ti ya létí.
Mo yí i, mo fi etí kejì sábẹ́ eyín,
mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́:
kẹ̀ṣẹ̀.
Ihò kẹrin jẹ òdo ìkẹyìn.
Gbèsè Akíndójútìmí, ọ̀kẹ́ kan náírà,
di ẹgbàá.

Mo tú ìdọ̀tí ẹ̀rọ náà sílẹ̀, mo wá a títí.
Òdo bàbá mi nìyí, roboto,
kò tó ojú ẹja.

Ọ̀la ni Akíndójútìmí ń bọ̀ wá sanwó.
Òdo wà lórí ìka mi.
Gọ́ọ̀mù wà nínú dúrọ́ọ̀.
Mi ò tí ì dìde.